Bébà Olódòdó Lójú Dígí

"Màmá, kí lẹ gbé sínú àpò ara yín yẹn?"

Ọmọbìnrin kékeré kan ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Orí àga onídìrí ló jókòó sí, ojú rẹ̀ kọ dígí, ọwọ́ ẹni tó ń bi ní ìbéèrè sì wà nínú irun rẹ̀. Kò fi ṣe àfojúdi. Ohun tó rí ló béèrè. Nínú dígí, lókè orí tirẹ̀ gan-an, ó rí àyà obìnrin tó ń dì í nírun. Lábẹ́ eegun tó ti ọrùn lọ sí èjìká òsì, nǹkan kan wú sókè lábẹ́ awọ. Ó tó páálí ìṣáná, ó ní igun, ó ní etí, àpá kan sì dùbúlẹ̀ lókè rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá rán ẹnu àpò pa.

"Ẹ̀rọ ni," obìnrin náà dá a lóhùn, kò dá ọwọ́ dúró. "Ọkàn mi ya ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ yìí ló máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé, 'Dìde, ilẹ̀ ti mọ́.'"

Ọmọ náà ronú sí i. "Ó yẹ kí wọ́n fi irú ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi lára."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, àfi ìyá ọmọ náà. Òun dìde lórí bẹ́ńṣì, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní àwọn ń bọ̀. Orí ọmọ náà ṣì wà ní ìdajì, apá kan ti di, apá kejì tú sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ irun mọ̀ pé ìyá kì í mú ọmọ olórí ìdajì gba ojú títì kọjá àfi tí nǹkan bá ń lé e. Wọn ò padà wá mọ́.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ ká mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Ìlà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí pé ó kọlà sójú. Ìlà irun ni. Bí ó bá fi ìrù òòyà la orí ènìyàn láti iwájú dé ìpàkọ́, ìlà náà á tọ́ bí okùn tí káfíńtà ta sórí pákó. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, máa ń sọ pé bí kì í bá ṣe ojú ayé ni, òun ì bá máa mú ìyàwó òun lọ síbi iṣẹ́ kó máa bá òun fa ìlà. Obìnrin gbọọrọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò lẹ́ran lára, kì í sì í sọ̀rọ̀ àsọjù. Oníbàárà tó bá ní kó yára, á bi í pé, "Ṣé orí yín ni ká fi yára, àbí orí ẹlòmíràn?"

Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ti àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ àbúrò níṣẹ́, ṣùgbọ́n àbúrò ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín gba oníbàárà tó ń bínú, nítorí náà àbúrò ló di Ọ̀gá. Kò sí ìjà nínú ìyẹn. Ìyá Ìlà fẹ́ràn orí ènìyàn ju tábìlì ọ̀gá lọ. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, dígí mẹ́ta níwájú wọn. Àga Ìyá Ìlà ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ òde ti ń wọlé, tí ẹni tó ń kọjá lójú títì ti lè rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àga iwájú. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni ojú ṣọ́ọ̀bù.

Àárẹ̀ kan ti ń bá a rìn tipẹ́. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé, á dúró lágbedeméjì, á ṣe bí ẹni ń wo ìta lójú fèrèsé. Nígbà míràn òkùnkùn á gba ojú rẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí ẹyẹ bá fò kọjá níwájú fìtílà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ṣubú sáàárín àga àti básíà tí wọ́n fi ń fọ irun, òòyà lọ́wọ́. Wọ́n ní òòyà náà ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, wọ́n ti gbẹ́ ojú ọ̀nà iwájú ṣọ́ọ̀bù nítorí ọ̀pá omi, ọkọ̀ kankan ò lè wọlé. Ọ̀gá ò dúró gba ìmọ̀ràn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n òun lé òun lẹ́yìn, ó sì pọ̀n ọ́n bí ọmọ. Kúkúrú ló pọn gbọọrọ. Ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn ń wọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó pọ̀n ọ́n ń rì nínú ẹrẹ̀. Bàtà Ọ̀gá kan kù sínú kòtò, kò bojú wẹ̀yìn. Báyìí ló gbé e dé oríta tí ọkọ̀ wà.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ń gbàgbé láti lù. Á lù, á sinmi, ìsinmi náà á sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n máa fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, wáyà tín-ín-rín á gba inú iṣan wọnú ọkàn, á máa rán an létí iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà náà, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́, sọ ojú abẹ níkòó.

"Màmá, ara yín ò lẹ́ran. Ẹ̀rọ yìí á máa hàn."

"Ṣé á máa ṣiṣẹ́?"

"Á máa ṣiṣẹ́."

"Kó máa hàn, nígbà yẹn."

Kì í ṣe pé kò dùn ún. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ ní bálùwẹ̀, ó fi ìka tọ etí ẹ̀rọ náà yí ká, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wẹ̀. Nígbà tó jáde, ọkọ rẹ̀ ń dúró, kò mọ ibi tó yẹ kó fojú sí.

"Ibẹ̀ ni kó o wò," ni Ìyá Ìlà wí. "Ìwọ tó ò ń fọwọ́ pa pákó láti mọ ibi tó ṣe gbágungbàgun, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Káfíńtà náà fọwọ́ kàn án bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò. "Wọ́n ṣe igun ẹ̀ dáadáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ì bá fi bébà ìfápákó fá a díẹ̀."

Ìyá Ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn ún lójú àpá, inú rẹ̀ sì dùn pé ó dun òun.

Dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé apá òsì ga ju èjìká lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Onídìrí tí kò lè gbé apá sókè dà bí awakọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó dojú àga iwájú dé, ó sì fi ayùn gé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ìgbà náà ni orí oníbàárà ti wálẹ̀, apá Ìyá Ìlà ò sì nílò láti gòkè. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni pé bí orí oníbàárà ṣe wálẹ̀ nínú dígí, ohun tó bọ́ sí òkè orí náà gan-an ni àyà Ìyá Ìlà. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ojú ara rẹ̀ àti ẹ̀rọ yẹn ni yóò máa wò.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní Ìyá Oníbátìrì, wọ́n rò pé kò gbọ́. Ẹnì kan bi í léèrè bóyá ó máa ń so wáyà mọ́ ògiri tó bá fẹ́ sùn. Òmíràn, ọkùnrin tó wá dúró de ìyàwó rẹ̀, gbójú gbóyà, ó ní, "Ìyá, tí iná bá lọ ńkọ́?"

"Ẹ jókòó kó lọ," ni Ìyá Ìlà wí. "Gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbí ló máa kú, èmi nìkan ni màá máa ṣiṣẹ́."

Ẹni tó dára jù nínú wọn ló dààmú rẹ̀ jù. Obìnrin tó ń bá wọn fọ irun, tí gbogbo wọn ń pè ní Afọrun, ti gbọ́ níbì kan pé iná ẹ̀lẹ́tíríkì máa ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jà. Ní gbogbo ìgbà tí Ìyá Ìlà bá ń wọlé, Afọrun á sáré pa ẹ̀rọ ìgbẹrun, á pa fáànù, á pa rédíò. Bí ó bá ṣeé ṣe ni, ì bá pa oòrùn.

"Afọrun, tan rédíò yẹn. Dókítà ní kí n má ṣàá gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun lé àyà. Kò ní kí n má gbọ́ orin."

"Ẹ̀mí yín ni mò ń rò, Màmá!"

"Ẹ̀mí mi ń gbọ́ orin náà. Tàn án."

Èyí gbogbo kò mì í. Ohun tó mì í ni ti àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá ọmọ olórí ìdajì yẹn jáde, Ọ̀gá mú síkáàfù aláwọ̀ ewé kan wá, ó tóbi, ó rẹwà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bó ṣe bá awọ yín mu. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wé e mọ́rùn."

Ìyá Ìlà mọ ohun tí síkáàfù náà wá ṣe. Ó wé e. Ooru mú un. Etí síkáàfù ń já lé oníbàárà lójú, ó ń wọnú ìpara irun, ó ń há mọ́ òòyà. Lọ́jọ́ tí òógùn kán láti ọrùn rẹ̀ sórí ìdì irun tó ti parí, ó tú síkáàfù náà, ó ká a, ó gbé e lé tábìlì Ọ̀gá.

"Ó rẹwà," ó ní. "Ìwọ máa wé e."

Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ilé télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló gbà lọ, ó kó búláòsì iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo dání. Ó ní kí télọ̀ bá òun gé ọrùn wọn wálẹ̀.

"Wálẹ̀ dé ibo, Ìyá?"

"Dé ibi tí kò ti ní máa ha ojú àpá mi."

Télọ̀ wò ó, ó gbé ojú kúrò, ó tún wò ó. "Ìyá, bí mo bá gé e débẹ̀, gbogbo ayé ló máa rí i o. Àwọn ènìyàn máa ń ní kí n *bo* nǹkan ni. Nígbà kan mo rán kọ́là fún ẹni tí ọrùn ẹ̀ ní gègè, ẹ ò lè mọ̀ láéláé."

"Kí ló dé tó fi bò ó?"

"Ojú ń tì í ni."

"Olè ló ń bo àpò," ni Ìyá Ìlà wí. "Èmi ò jí nǹkan kan gbé. Wọ́n fi í sí mi lára lójú ọ̀sán gangan, mo sì fọwọ́ sí i. Gé e."

Télọ̀ gé e.

Ọ̀gá rí àwọn ọrùn búláòsì yẹn, kò sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí Ìyá Ìlà ti mọ̀ pé bí àbúrò òun bá dákẹ́, ó ń gbèrò ni. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá bébà olódòdó lójú dígí rẹ̀. Òdòdó pupa àti funfun, ewé lára wọn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa láti òkè dígí wá dé agbede rẹ̀. Dígí méjì yòókù wà bí wọ́n ṣe wà.

"Ẹwà ni," Ọ̀gá sáré sọ, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. "Mo rí irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Mo jókòó sórí àga yín láti wọ̀n ọ́n. Oníbàárà á rí ojú ẹ̀, á rí irun ẹ̀, kò sí ohun tó pa á lára."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ wá dirun."

Ìyá Ìlà na ọwọ́ sí etí bébà náà. Ọ̀gá bá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín. Oníbàárà ń lọ. Ẹ ṣe é nítorí mi. Ẹ ò kúkú tíì gbàgbé ẹni tó pọ̀n yín."

Ọwọ́ Ìyá Ìlà wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìwúwo. Bí ẹnì kan bá gbé ọ ní òkú-ǹdààyè gba inú ẹrẹ̀ kọjá, kí lo fẹ́ fi í dù? Ó dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Nínú dígí, ọwọ́ méjì ló kù lára rẹ̀, tí wọ́n ń ti inú òdòdó jáde wá bí ọwọ́ ẹni tí kò ní orí.

Ohun kan wà tí ẹni tí kò bá dirun fún ènìyàn rí kò lè mọ̀. Ẹni tó bá dúró lókè orí ènìyàn kì í rí orí náà bó ṣe rí. Orí kì í dọ́gba. Apá kan lè ga, ìpàkọ́ lè tẹ̀, ojú onídìrí á sì máa bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ orí náà lọ láìmọ̀. Dígí ló ń sọ òótọ́. Nínú dígí ni Ìyá Ìlà ti máa ń wo ìlà àárín orí, tí á fi í wé imú oníbàárà. Bí ìlà bá dojú kọ imú, ó tọ́. Bí kò bá dojú kọ ọ́, kó tú u. Ọ̀gá mọ èyí. Ìyá Ìlà ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ló fi wọn bébà, kúkúrú sì ni Ọ̀gá. Fún oníbàárà tó kúrú, dígí tó kù tó. Ẹni tó bá ga, iwájú orí rẹ̀ á wọnú òdòdó lọ.

Ìyàwó tó wá lọ́jọ́ kan ga bí òpó iná. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́. Irun tó fẹ́ ni èyí tí ìlà kan á ti iwájú la orí já, tí gbogbo ìdì á ti ara ìlà náà jáde sọ́tùn-ún sósì, bí ewé ti í jáde lára imọ̀ ọ̀pẹ. Bí ìlà àárín bá wọ́, gbogbo rẹ̀ ló wọ́.

Ìyá Ìlà bẹ̀rẹ̀, ó wo dígí. Ó rí ẹnu ìyàwó tó ń sọ̀rọ̀, ó rí imú rẹ̀, ó rí ìpéǹpéjú rẹ̀. Òkè ibẹ̀, òdòdó ni. Ó wo Ọ̀gá nídìí tábìlì. Ọ̀gá gbé ojú sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó bá fi ojú lásán la orí náà, ó gbẹ́kẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, ó sì dì í títí ó fi parí. Gbogbo ènìyàn yìn ín. Ìyàwó fọwọ́ kan orí, ó ń jó díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè de okùn bàtà rẹ̀.

Ibẹ̀ ni oòrùn ti bọ́ sí i lórí. Ìlà náà ti iwájú wá dáadáa, ó dé àtàrí, ó sì yà sósì, bí ọ̀nà tó yà fún igi, kó tó rántí ibi tó ń lọ.

Ẹnikẹ́ni ò rí i. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín. Ó ku ẹsẹ̀ kan kó jáde.

"Ìyàwó," ni Ìyá Ìlà pè é. "Padà wá jókòó."

"Kí ló dé, Màmá? Ṣé mo gbàgbé nǹkan ni?"

"Èmi ni mo gbàgbé nǹkan. Ìlà orí rẹ wọ́."

Afọrun pa rédíò, kò sí ẹni tó rán an. Ọ̀gá ti dìde, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ta ló máa rí i? Ìbòjú ìyàwó á bò ó."

"Ìbòjú á bo orí," ni Ìyá Ìlà wí, òun ò sọ tirẹ̀ láàárín eyín. "Síkáàfù bo ọrùn. Bébà bo dígí. Tí a bá bo gbogbo ẹ̀ tán, kí ló kù tí a fẹ́ máa fi han ènìyàn?"

Ó ti aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná inú kẹ́tùlù, ó fún un, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà náà. Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

"Ìwọ ni kó o fi mí sílẹ̀."

"Ṣọ́ọ̀bù ta nìyí?"

"Tìrẹ ni. Dígí, tìrẹ ni. Bébà, tìrẹ ni. Orí tó wọ́ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?"

Ọ̀gá di ọwọ́ náà mú síbẹ̀, ó sì mú èyí tó wúwo jù jáde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló pọ̀n yín lọ́jọ́ yẹn?"

"Ìwọ ni."

"Ta ló pàdánù bàtà?"

"Ìwọ ni. Mo jẹ ọ́, mi ò sẹ́ ẹ rí. Lójú gbogbo àwọn tó wà níbí, mo tún sọ ọ́: ẹ̀mí mi ni mo jẹ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fi ọrùn mi dógò fún ọ."

"Àwọn oníbàárà—"

"Oníbàárà wo? Ọ̀kan ló lọ. Ọ̀kan! Àwọn tó kù ń jókòó, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sì ń padà wá. Orúkọ oníbàárà lo fi ń bo ẹnu. Sọ òótọ́."

"Kì í ṣe nítorí oníbàárà!" Ohùn Ọ̀gá là lójijì, gbogbo wọn sì gbọ́ pé ẹkún ló wà nínú rẹ̀. "Èmi ni! Ibi tí mo jókòó sí yẹn, dígí yín ni mo ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbójú sókè tí mo rí nǹkan yẹn, mo tún wà nínú ẹrẹ̀. Mo tún ń pọ̀n yín. Orí yín wà léjìká mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń mí. Ojoojúmọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ojoojúmọ́!"

Ìyàwó jókòó sórí àga jẹ́ẹ́.

Ìyá Ìlà wo àbúrò rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ó máa dì mọ́ ọn kò mọ̀ ọ́n. Ó dúró, ó rò ó dáadáa, bó ṣe máa ń ro orí kó tó fi òòyà kàn án.

"Sọ̀ mí kalẹ̀," ó ní.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní sọ̀ mí kalẹ̀, àbúrò mi. O ti pọ̀n mí tó. Ibi tí ò ń gbé mi lọ, mo ti dé ibẹ̀, mo ti padà. Wò mí. Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Ohun tó ò ń rí nínú dígí yẹn, òun ló jẹ́ kí n wà lórí ìdúró. Bí o bá bò ó, òkú tó o pọ̀n nìkan ló kù tí wàá máa rí."

Ọ̀gá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bébà náà ò fẹ́ lọ. Ó ń ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ń fi ewé sílẹ̀, gọ́ọ̀mù ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ìyá Ìlà fi èékánná họ ọ́, ó fi ìrù òòyà họ ọ́. Nígbà tó tó láti ríran, ó dúró, ó dojú kọ dígí. Orí ìyàwó jáde láti inú òdòdó, ọrùn tirẹ̀ sì jáde lókè rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ, pẹ̀lú àpá, pẹ̀lú òógùn.

"Màmá," ni ìyàwó wí, "kí n má parọ́, ó ń bà mí lẹ́rù díẹ̀."

"Kó máa bà ọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kó má bà ọ́. Orí rẹ ni kó o máa wò."

Ó tú gbogbo rẹ̀ láti àtàrí. Ó la ìlà tuntun, ó wò ó nínú dígí, ó fi wé imú, ó tún un ṣe. Ìyàwó wo orí rẹ̀, ó yọ́jú wo ẹ̀rọ, ó tún wo orí. Kí iṣẹ́ tó dé ìdajì, ó ti ń sọ bí àwọn àna rẹ̀ ṣe ń ṣe wàhálà. Kó tó parí, oorun ti gbé e lọ, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìpàkọ́ rẹ̀ sì fara ti ikùn Ìyá Ìlà bí ọmọ tó sùn sára ìyá rẹ̀. Nígbà tó jáde ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìlà bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kó tẹ orí ba nínú oòrùn tó kù. Ìlà náà tọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá yí tábìlì rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí dígí. Ìyá Ìlà rí i, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ló ni ẹ̀yìn rẹ̀, ó lè kọ ọ́ síbi tó wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó kẹ̀yìn sí dígí yẹn kò lè rí ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá tí kò bá sì rí ẹnu ọ̀nà á máa yí ọrùn bí ẹyẹlé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọrùn ń dun Ọ̀gá. Afọrun ń fi ìpara pa á fún un, ó ń fi aṣọ ìnura bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí tábìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀, tẹ̀gbẹ́tẹ̀gbẹ́, títí ó fi dé ibi tó ti kúrò. Kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó ń yí i.

Òdòdó pupa kan ṣì kù ní igun dígí náà lókè. Ìyá Ìlà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kò dí òun lọ́wọ́.

Ọ̀sán kan tí ọjà ò yá, Ọ̀gá dìde nídìí tábìlì, ó tú gèlè rẹ̀, ó wá jókòó sórí àga iwájú. Ọjọ́ tó ti jókòó síbẹ̀ gbẹ̀yìn, bébà ló ń wọ̀n. Ó gbé ojú sókè, ó wo dígí, kò gbé e kúrò. Ó pẹ́ díẹ̀ tó ń wò ó.

"Ó ń lọ sókè sódò," ó ní. "Bí ẹ bá ń mí. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń mì."

"Èmi ni mò ń mí. Òun ń bá mi lọ ni. Irú wo lo fẹ́?"

"Èyí tí ẹ bá fẹ́ ṣe."

Ìyá Ìlà mú òòyà. Ó gbé ìrù rẹ̀ lé iwájú orí àbúrò rẹ̀, ó wo dígí, ó ń wá imú.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ ṣì jẹ mí o."

"Mo jẹ ọ́."

"Kí lẹ máa fi san án?"

"Mi ò ní san án," ni Ìyá Ìlà wí. "Inú gbèsè yẹn ni màá kú sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Gbé orí sókè, kí ìlà yìí má bàa wọ́."